Gaston Monnerville: ọkùnrin dúdú tó kọ̀ fún de Gaulle

Bàbá Àdùkẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ ní iléèwé nípa aláwọ̀ dúdú kan tó di ipò ńlá mú nílẹ̀ òyìnbó, gbogbo kíláàsì sì ti mú Obama. Mo ní kó fi Obama sílẹ̀ fún wọn, kó kọ nípa Gaston Monnerville. Ó ní òun ò gbọ́ orúkọ náà rí. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí gan-an.

Cayenne ni wọ́n ti bí i, ní Guyane, ilẹ̀ Faransé tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó bá Brazil pààlà. Ọjọ́ 2 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897 ni. Martinique ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, ọmọ-ọmọ ẹrú sì ni. Ọmọ-ọmọ ẹrú yìí ló jókòó lórí àga olórí Ilé Aṣòfin Àgbà Faransé láti 1947 títí di 1968. Ọdún 21! Nígbà tí òfin orílẹ̀-èdè tuntun sì dé ní 1958, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ààrẹ bá kú tàbí tó bá fi ipò sílẹ̀, olórí Ilé Aṣòfin Àgbà ni yóò di ipò náà mú títí wọn yóò fi dìbò. Ẹ rò ó wò. Ní gbogbo ọdún tí de Gaulle fi wà lórí oyè, àyàfi oṣù díẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ọmọ-ọmọ ẹrú ló wà nílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó bá mi dá sí i. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí kọ ohun tó dájú.

Bíọ́dún

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àdùkẹ́. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò purọ́. Ìbéèrè mi ni pé báwo ni ọmọ Cayenne ṣe dé ibẹ̀? Wọ́n yàn án ni àbí wọ́n dìbò fún un?

Bàbá Àdùkẹ́

Ìbò ni o, Bíọ́dún. Ìbò ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Orí rẹ̀ pé ní iléèwé, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Toulouse ní 1912, ọmọ ọdún 15. Ibẹ̀ ló ti ka ìmọ̀ lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ òfin, tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin. Ó kọ́kọ́ ṣe lọ́yà ní Toulouse, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Paris, sí ọ́fíìsì César Campinchi, ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tó lókìkí jù nígbà yẹn.

Ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Faransé mọ̀ ni ẹjọ́ àwọn ará Cayenne tí wọ́n gbọ́ ní Nantes ní 1931. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Jean Galmot, oníṣòwò ni, ó ti ṣojú Guyane nílé aṣòfin ní Paris rí. Àwọn tálákà Cayenne fẹ́ràn rẹ̀ débi pé Papa Galmot ni wọ́n ń pè é. Ní 1928 wọ́n dìbò, wọ́n sì yí ìbò náà lójú gbogbo ènìyàn kí ẹlòmíì lè wọlé, Eugène Lautier. Nígbà tó di oṣù Ògún ọdún yẹn Galmot kú lójijì. Ariwo ta pé wọ́n fún un ní májèlé jẹ. Inú àwọn ènìyàn ru, wọ́n bọ́ sígboro, wọ́n pa ènìyàn mẹ́fà lára àwọn tí wọ́n gbà pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ìjọba kó ènìyàn 14, ó kó wọn kọjá òkun wá sí Nantes kí àwọn adájọ́ òyìnbó lè gbọ́ ẹjọ́ wọn jìnnà sílé. Ọ̀dọ́ lọ́yà ọmọ Cayenne yìí dìde pẹ̀lú Henri Torrès àti àwọn mìíràn láti gbèjà wọn. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gbà pé ìpànìyàn dára. Ìbò jíjí ló gbé síwájú kóòtù. Ó jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú tí wọ́n bá ń jí ohùn rẹ̀ gbé ní gbogbo ìgbà, tí kò sì rí ibi tó lè fẹjọ́ sùn. Wọ́n dá gbogbo wọn sílẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1932, àwọn ará Guyane ní kó wá du ipò pẹ̀lú Lautier yẹn gan-an. Ó fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Àlàbí Paris

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹnìkan gbé ọkùnrin yìí wá síbí. Paris ni mo ń gbé láti ọdún 16 sẹ́yìn. Ọgbà Luxembourg tí Ilé Aṣòfin Àgbà wà nínú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá kan níbẹ̀, wọ́n sì gbé ère orí rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó dúró ka orúkọ náà. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo wá lọ ka ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n kún un, torí òun ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ ní Guyane. Láti 1852 ni Faransé ti ń kó ọ̀daràn lọ dà síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti Dreyfus, ọ̀gá ológun tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké kàn, mọ́ ní erékùṣù kan. Ẹni tó bá gbọ́ Guyane nígbà yẹn, ẹlẹ́wọ̀n ló máa rò. Monnerville ní ìlú tí wọ́n bí òun kì í ṣe ààtàn tí wọ́n ń da ènìyàn sí. Ó pariwo rẹ̀ títí, nígbà tí wọ́n sì fi í ṣe mínísítà kékeré fún àwọn ilẹ̀ àmúsìn ní 1937 sí 1938, ó tẹra mọ́ ọn. Òfin tó ní kí wọ́n má kó ẹlẹ́wọ̀n lọ síbẹ̀ mọ́ jáde ní 17 oṣù Òkúdù 1938. Ogun dá a dúró, ó di 1953 kí àwọn tó kù tó padà sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Mínísítà ilẹ̀ àmúsìn? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí. Ọkùnrin yìí kò bá amúnisìn jà, ó bá wọn jókòó ni.

25 oṣù Èbìbì 1945, ó dìde ní Paris, ó ní láìsí àwọn ilẹ̀ àmúsìn rẹ̀, Faransé ì bá kàn jẹ́ ìlú tí wọ́n gbà sílẹ̀, àmọ́ ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, ó di ìlú tó ṣẹ́gun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ará Algeria ní Sétif nígbà tó sọ ọ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n yìnbọn pa àwọn sójà dúdú ní Thiaroye, ní Senegal, torí wọ́n béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn sójà tó bá wọn ja ogun náà ni o! Kí ló wá ń yìn?

Mi ò sọ pé kí ọmọ yín má kọ nípa rẹ̀. Kó kọ apá yìí náà sí i.

Ọmọ Alákétu

Ọmọ Ẹ̀gbá, o sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Thiaroye kì í ṣe ohun tí a máa fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n tún ọ̀rọ̀ 1945 yẹn kà. Kì í ṣe àwọn olówó Paris ló ń yìn. Iwájú àwọn tó fẹ́ gbàgbé ẹni tó gbà wọ́n ló ti sọ ọ́. Ó ń sọ fún wọn pé: ẹ jẹ gbèsè. Lójú tèmi, ẹni tó bá dìde láàárín onígbèsè tó ń sọ iye tí wọ́n jẹ, kò tíì ta ará ilé rẹ̀.

Èmi, Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní Benin, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Dahomey. Mo ti lé ní 70. Ohun tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà kì í sábà rántí ni pé nígbà tí ẹ̀yin ń bá Lọ́ńdọ̀nù fa ọ̀rọ̀ òmìnira, àwọn bàbá tiwa ń dìbò yan ẹni tí yóò lọ jókòó ní Paris. Louis Ignacio-Pinto, lọ́yà ọmọ Àjàṣẹ́, ìdílé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, òun ni aṣòfin àgbà wa níbẹ̀ láti 1947. Abẹ́ ta ló jókòó sí? Abẹ́ Monnerville. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fún Dahomey, ọwọ́ ọkùnrin dúdú kan ló ti máa gba àyè. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, àmọ́ mo rántí bí bàbá mi ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn.

Ohun kejì ni pé ipò àwọn ará Guyane àti Martinique kò rí bíi tiwa. Àwa ní ọba, a ní ilẹ̀, a ní èdè tí a ń sọ kí òyìnbó tó dé. Àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó lọ síbẹ̀, níbo ni kí wọ́n padà sí? Ìgbà tí òfin 19 oṣù Ẹrẹ́nà 1946 sọ Martinique, Guadeloupe, Guyane àti Réunion di apá Faransé gangan, Aimé Césaire, akéwì àti aṣòfin ọmọ Martinique, ló gbé e kalẹ̀, Monnerville sì dúró tì í. Césaire kò sí lára ẹni tí a lè pè ní ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó. Wọ́n rò pé bí òfin kan náà bá ń ṣiṣẹ́ ní Paris àti ní Cayenne, ebi á dín kù. Bí ó ṣe rí lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bàbá Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun, bàbá. Èyí tí ẹ sọ nípa Ignacio-Pinto yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé ní 1948, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Faransé fòpin sí ẹrú níní nílẹ̀ rẹ̀, òun, Césaire àti Senghor ti Senegal ni wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ní Sorbonne, yunifásítì Paris. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé òkú Victor Schoelcher tó kọ òfin náà àti ti Félix Éboué wọ Panthéon, ibi tí Faransé ń sin àwọn akọni rẹ̀ sí, lọ́jọ́ kan náà. Éboué, ọmọ Cayenne bíi tirẹ̀, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n sin síbẹ̀. Monnerville jà fún un.

Bíọ́dún

Nígbà ogun ńkọ́? Ṣé ó wà nínú àwọn tó tẹ̀ lé Pétain, ọ̀gágun tó fi Vichy ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀ tó sì ń bá Jámánì ṣe?

Àlàbí Paris

Rárá o. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, aṣòfin sì ni, kò sí ẹni tó lè fi dandan mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Inú ọkọ̀ ogun Provence ló wà ní Mers el-Kébir, ní Algeria, lọ́jọ́ 3 oṣù Agẹmọ 1940, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ọkọ̀ Faransé kí Jámánì má bàa rí wọn gbà. Ó lé ní 1,200 ọmọ Faransé tó kú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo agbára fún Pétain ní Vichy. Òun kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó bọ́ aṣọ ológun, ó gbèjà àwọn tí ìjọba Vichy tì mọ́lé, ó wọ Combat, ẹgbẹ́ tó ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tó sì yá ó wọ igbó lọ bá àwọn ajàjàgbara ní òkè Auvergne. Kọmandán Saint-Just ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó bójú tó ilé ìwòsàn kan fún wọn ní Cheylade.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ó dáa, mo gbọ́ ti ogun. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nípa àwọn ilẹ̀ àmúsìn, àmọ́ mo gbà pé kì í ṣe ojo. Àkọlé yín ní ó kọ̀ fún de Gaulle. Ẹ sọ ìyẹn fún wa.

Àǹtí Lọ́yà

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí, Bàbá Àdùkẹ́, torí iṣẹ́ mi ni.

Oṣù Ògún 1962, wọ́n yìnbọn sí mọ́tò de Gaulle ní Petit-Clamart, lẹ́bàá Paris. Kò kú. Ó wá pinnu pé ààrẹ tó máa rọ́pò òun gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo ará ìlú dìbò yàn tààrà, torí títí di ìgbà yẹn àwọn ìjòyè ìlú bíi aṣòfin àti kánsílọ̀ ló ń yan ààrẹ. Èrò yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Ọ̀nà tó gbà ni wàhálà wà.

Òfin orílẹ̀-èdè Faransé sọ bí wọ́n ṣe lè yí òfin náà padà: abala 89. Ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. De Gaulle mọ̀ pé Ilé Aṣòfin Àgbà kò ní gbà. Ló bá fò ó dá, ó lo abala 11, tó fún ààrẹ láyè láti gbé àwọn ọ̀rọ̀ kan lọ bá ará ìlú fún ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Monnerville ní kò ṣeé ṣe. Ẹ rántí pé òun wà lára àwọn tó bá de Gaulle sọ̀rọ̀ lóru oṣù Èbìbì 1958 kó tó padà sórí oyè. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ látilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 30 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1962, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Radical, ní ìlú Vichy, ó pe ohun tí olóòtú ìjọba, Pompidou, fọwọ́ sí ní «forfaiture». Ọ̀rọ̀ ńlá ni nínú òfin wọn. Ìwà ọ̀daràn tí ẹni tó wà nípò ìjọba hù nípa fífi ipò náà rú òfin tó yẹ kó máa ṣọ́ ni. Nínú Yorùbá, mo lè pè é ní dídalẹ̀ oyè. Ó sọ ọ́ gbangba, ó sì ní ìbò tí yóò lé ìjọba Pompidou ni èsì tó bófin mu.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin ilé kékeré lé ìjọba Pompidou lóòótọ́. Títí di oṣù Ọ̀pẹ 2024 tí wọ́n lé ti Michel Barnier, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ mọ́ ní Faransé. De Gaulle tú ilé náà ká, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ará ìlú ní 28 oṣù Ọ̀wàrà, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Monnerville gbé e lọ sí Ìgbìmọ̀ Òfin Orílẹ̀-èdè, àwọn tó ń wò ó bóyá òfin tuntun bá òfin orílẹ̀-èdè mu. Wọ́n ní àwọn kò lágbára láti dájọ́ lórí ohun tí ará ìlú ti fi ìbò sọ. Ó pàdánù ní gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn de Gaulle kò gbà á lálejò mọ́. Àwọn mínísítà ńlá kò tẹsẹ̀ wọ Ilé Aṣòfin Àgbà, àwọn kékeré ni wọ́n ń rán wá. Ọdún mẹ́fà gbáko! Àwọn aṣòfin àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń dìbò padà fún un gẹ́gẹ́ bí olórí ní gbogbo ìgbà. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Ìgbèríko Lot, níbi tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ti pọ̀, ni ìjókòó rẹ̀ wà láti 1948, lẹ́yìn tí Guyane ti dìbò lé e kúrò nílé aṣòfin kékeré ní 1946. Wọn kò fi í sílẹ̀. Ó tún ṣe olórí ìlú Saint-Céré níbẹ̀.

Bíọ́dún

Àǹtí, ẹ kú làákàyè. Kí ló wá dé tó fi kúrò ní 1968? Ṣé wọ́n lé e?

Àǹtí Lọ́yà

Kò sẹ́ni tó lé e. Ó kọ̀ láti du ipò náà mọ́. Ó mọ̀ pé de Gaulle fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin Àgbà, ó sì rí i pé ìjà tó wà láàárín àwọn méjèèjì yóò máa ṣèdíwọ́ fún ilé náà. Ó fẹ́ ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ láìsí ìdè oyè lọ́rùn. Alain Poher ló rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 1968.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. 27 oṣù Igbe 1969, de Gaulle gbé àtúnṣe Ilé Aṣòfin Àgbà lọ bá ará ìlú. Ó lé ní ìdá 52 tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. De Gaulle kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóru yẹn. Ta ló wọ ilé ààrẹ? Poher, olórí Ilé Aṣòfin Àgbà. Kò tó oṣù méje tó wà láàárín. Bí Monnerville bá dúró sí àyè rẹ̀, òun ni ì bá jẹ́ ààrẹ Faransé fún ìgbà díẹ̀ ní 1969.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Èyí wọ̀ mí lára. Mi ò mọ̀ rárá pé ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́, mi ò kó o jẹ. Ó yẹ kó pariwo Sétif bó ṣe pariwo abala 89. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tí wọ́n fún ní oyè tó sì fi oyè náà sọ òtítọ́ fún ẹni tó lágbára jù, ó ṣọ̀wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa gan-an, mélòó ni olórí ilé aṣòfin tó lè wo ààrẹ lójú kó ní ohun tí o ṣe yìí, òfin kò gbà á?

Ọmọ Alákétu

Ọmọ mi, mo gbà fún ọ lórí Sétif. Ọgbẹ́ nìyẹn. Kí Àdùkẹ́ kọ méjèèjì.

Bàbá Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun gidi, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdùkẹ́ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kà á, ó ti kọ ojú ewé mẹ́ta. Ó ní kí n bi yín ní ohun méjì: kí ló ṣe lẹ́yìn 1968, ọdún wo ló sì kú?

Àǹtí Lọ́yà

Sọ fún un pé ní 1974, Poher yẹn gan-an ló yàn án sí Ìgbìmọ̀ Òfin Orílẹ̀-èdè, ìgbìmọ̀ kan náà tó lé e padà lọ́wọ́ òfo ní 1962. Ó wà níbẹ̀ títí di 1983. 7 oṣù Belu 1991 ló kú ní Paris, ẹni ọdún 94.

Àlàbí Paris

Sátidé yìí mo ń kó àwọn ọmọ mi lọ sí ọgbà Luxembourg. Màá ya fọ́tò ère náà àti pátákó orúkọ rẹ̀, màá fi síbí kí Àdùkẹ́ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ wo ló fẹ́ fi sílẹ̀?

Bàbá Àdùkẹ́

Ọjọ́ Ajé. Ó ní ẹ kú inúure o, ọ̀gbẹ́ni. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí orúkọ náà hàn dáadáa.